Ìkéde Tí Mo Fi Pamọ́

Irọ́ tí mo pa kò gùn rárá. "Kò sí, Mà," ni mo wí. Orí àtẹ̀gùn la wà, ní ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkokomáíkò, ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Dókítà tó máa ń wá ka àwòrán X-ray wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ń gòkè. Ó bi mí ní ìbéèrè tó ti ń bi mí láti ọdún tó kọjá: "Ṣé o ò tíì rí ibi tí owó ìwádìí wa yìí lè gbà jáde?" Ìkéde owó náà wà nínú fóònù mi, fóònù sì wà nínú àpò mi. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí mo ti ń kà á lóru. Mo ní kò sí. Ó ní kí Ọlọ́run má fi wá sílẹ̀, ó sì bọ́ sójú títì lọ wọ mọ́tò.

Mo ti jẹ́wọ́ fún un láti ìgbà náà. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí irọ́ yẹn bàjẹ́ kò ṣe é dá padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Rédíógíráfà ni mí. Èmi ni mo máa ń ní kí aláìsàn fi àyà ti pákó, kó fa èémí sínú, kó dá a dúró, kí n tó tẹ bọ́tìnì. Ilé àyẹ̀wò wa kò tóbi, yàrá X-ray kan àti yàrá scan kan ni, ṣùgbọ́n èrò ń wọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì la wà, níbi tí àwọn ará Ìbà, àwọn ará Ọ̀jọ́ àti àwọn ọlọ́jà Àlàbá ń gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, lọ́dún 2012, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan tì í, gbogbo àyà tí a sì ti ya láti ìgbà náà ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2021 mo fara balẹ̀ ka ti àwọn ọmọdé tí wọn ò tíì pé ọdún 15. Wọ́n lé ní 1,800.

Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí lè má mọ̀ pé ọrọ̀ ni mo kà yẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i pé a lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka àwòrán àyà láti fi wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, dípò kí a máa dúró de dókítà. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ilẹ̀ bíi tiwa, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ sí, tí àwọn tó mọ X-ray kà kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 15 sókè nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Àwòrán àgbàlagbà ni kọ̀ǹpútà fi kọ́ṣẹ́ jù, àyà ọmọdé sì yàtọ̀. Ọkàn ọmọ ọwọ́ máa ń hàn lórí fíìmù bí ẹni pé ó wú. Ẹran kan tó ń jẹ́ thymus máa ń ta òjìji sí òkè àyà, yóò sì máa sún kì bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Lára àgbàlagbà, ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń dá ihò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lára ọmọdé, kókó inú àyà ló sábà máa ń wú, ojú tí kò bá mọ̀ ọ́n á sì fò ó dá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọdé ló nílò X-ray yìí jù, nítorí ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò. Ṣe ló ń gbé e mì.

Ohun tí èmi àti Dókítà jọ ń rò ni pé kí dókítà mẹ́ta ka àwòrán wọ̀nyẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má rí ohun tí ẹnì kejì kọ. Kí a yọ orúkọ kúrò lára wọn. Kí a tọ ìdílé àwọn ọmọ náà lọ, ká mọ ẹni tó gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹni tí kò gbà á. Lẹ́yìn náà kí a gbé gbogbo rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Owó ló kù.

Owó tó wà nílé, TETFund ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Lára èrè àwọn iléeṣẹ́ ni ìjọba ti ń yọ ọ́ nígbà náà: ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀, òfin ìnáwó ọdún 2021 sọ ọ́ di 2.5, ti ọdún 2023 sọ ọ́ di 3. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún. Ilé àyẹ̀wò aládàáni bíi tiwa kò lè yọjú síbẹ̀ àfi kó wà lẹ́yìn olùkọ́ yunifásítì. LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sì rèé ní Ọ̀jọ́, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1983. Kẹ̀kẹ́ Marwa kan ló ń gbé mi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo mọ olùkọ́ físíìsì kan níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Òun náà ti bi mí nípa àwòrán wọ̀nyẹn rí. Mo yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe yẹ ti Dókítà.

Ẹ̀rù ló fà á, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Lọ́dún 2018 mo sọ èrò kan fún ẹnì kan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, lórí iye ìtànṣán tó ń wọ ara aláìsàn nígbà tí a bá ń tún àwòrán kan náà ya. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo bá èrò náà nínú àpérò, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rántí òfòrò tí ẹnu ara rẹ̀ pa á. Láàárín àwa tí a ń wá owó ìwádìí, ìkéde ti dà bí ibi tí ọdẹ ti rí ẹsẹ̀ ẹran: ọdẹ kan kì í fi han èkejì. Mo ti rí olùkọ́ àgbà tó ka ìwé ìkéde tán lára pátákó, tó já a, tó ká a sínú àpò. Ó burú lójú mi lọ́jọ́ náà. Èmi náà ṣe é. Fóònù ni mo fi ṣe tèmi.

Owó NIH ni, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní R21, tó wà fún èrò tuntun tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Dọ́là 275,000 ni òpin rẹ̀ fún ọdún méjì. Mo ṣírò rẹ̀ ní iye báǹkì nígbà náà, ó lé ní mílíọ̀nù 120 náírà. Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ilé mi wà nínú Ẹsitéètì Ìbà, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba Gómìnà Jákàńdè kọ́ fún mẹ̀kúnnù, ibẹ̀ ni mo ti ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n gbà fún àlàyé iṣẹ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí dé ìgbà mọ́kànlá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ mi ni mo ń rí lókè rẹ̀, òun nìkan. Ìwé ìtọ́sọ́nà gígùn tó wà lẹ́yìn ìkéde náà ni mi ò kà, nítorí mo gbà pé bí èrò bá ti dára, ìyókù á tò.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́. Kò béèrè èrò mi. Nọ́ńbà iléeṣẹ́ ló béèrè.

Bó ṣe wà nìyí. NIH kì í fún ènìyàn lásán lówó irú èyí. Iléeṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹni náà ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń fún. Iléeṣẹ́ tí kò bá sí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kóòdù NCAGE, tó wà lábẹ́ ètò NATO. Lẹ́yìn náà ni yóò forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, níbi tí yóò ti gba UEI, nọ́ńbà tó rọ́pò DUNS láti oṣù Kẹrin ọdún 2022. Grants.gov tún ń bẹ, eRA Commons náà ń bẹ, níbi tí ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí àti ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ síwèé lórúkọ iléeṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ ní àyè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. NIH kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 17 ló kù fún mi.

Mo sáré tọ Ọ̀gá tó ni ilé àyẹ̀wò lọ. Ó yà á lẹ́nu pé láti bí oṣù méjì ni mo ti ń fi orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ wá owó, tí òun kò gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ ó kó ìwé CAC, ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ wa, fún mi. Ìwé CAC pe àdírẹ́sì wa ní "Okoko, Ojo". Ìwé báǹkì pè é ní "Okokomaiko". Èmi, nínú ìkánjú, ti kọ "Lagos-Badagry Expressway" nìkan sínú fọ́ọ̀mù NCAGE. Àwa ará àdúgbò mọ̀ pé ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n dá a padà kí n lọ tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023 yẹn, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ owó náírà. Owó tuntun kò jáde, owó àtijọ́ kò ṣe é ná, àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS, bẹ́ẹ̀ epo bẹntiróòlù náà di ohun à ń tò fún. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16, Ààrẹ Buhari bá ìlú sọ̀rọ̀ pé 200 náírà àtijọ́ nìkan ni a lè máa ná títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Orí ìlà báǹkì ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo ti ń wá owó tí n ó fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, nítorí ọjọ́ kejì rèé tí kò síná. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ti aago. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ, mo sì ti ṣírò rẹ̀ pé aago márùn-ún Washington jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ l'Ékòó. Aago mẹ́fà kọjá kí n tó délé, kí n tan jẹnẹrétọ̀, kí n ka ìlà náà dé òpin. Aago márùn-ún ti ìlú ẹni tó ń wá owó ni. Aago Òkokomáíkò ni wọ́n ní ká wò. Mo ṣí SAM, ìforúkọsílẹ̀ wa ṣì wà lẹ́nu àyẹ̀wò. Bí aago ò bá tilẹ̀ tíì lù, kò síbi tí mo fẹ́ gbà wọlé. Mo pa jẹnẹrétọ̀ kí epo má baà ṣòfò, mo sì jókòó sínú òkùnkùn.

Owó yẹn ṣì lè tún yọjú nígbà náà, oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tún máa gbà á. Àwòrán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti ọdún 2021 ni Dókítà ti ń sọ fún mi pé kí n da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibi méjì. Hard disk tó lè gbà á kò wọ́n ju ohun tí owó oṣù mi lè rà lọ, Àlàbá níhìn-ín náà ni wọ́n ti ń tà á. Mi ò rà á. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó ra èyí tó dára gan-an bí owó ìwádìí bá dé. Ìdí kejì wà, òun ni mo sì ń tijú jù: mo ronú pé bí àwòrán bá ti wà níbi méjì, ó ti bọ́ kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 mo lọ sí ìlú wa lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò. Nígbà tí mo padà, ẹ̀rọ X-ray tuntun ti wà ní yàrá wa, kọ̀ǹpútà tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wá gbé e kalẹ̀ ti gba ti àtijọ́ mọ́ owó. Wọ́n da orúkọ àti àkọsílẹ̀ owó àwọn aláìsàn sínú tuntun. Wọn ò da àwòrán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan ń fẹ́ ẹ, nítorí kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Akọ̀wé ní, "Wọ́n ti gbé e lọ sí Àlàbá, sà."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn ní Àlàbá, láàárín tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tò dé òkè, tí mo ń fi fọ́tò kọ̀ǹpútà náà han ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo rí ẹni tó rà á. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, ó fún mi ní àga. "Ọ̀gá mi, kọ̀ǹpútà yẹn ti di ẹ̀yà ẹ̀yà o. Mo ti ta àpótí rẹ̀. Hard disk ló kù, mo sì ti fọ́ọ̀mátì rẹ̀." Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan kí n fojú ara mi rí i. Fíìmù àgbéléwò ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó bá mi pe ọmọkùnrin kan tó máa ń gba ohun tó ti parẹ́ padà. Ọmọ náà jìjàkadì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó rí orúkọ fáìlì díẹ̀. Kò rí ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo.

Mo tún rò ó pé orúkọ àti ara ọmọ ọlọ́mọ la gbé lọ sọ́jà láìnù ún kúrò níbẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà. Mo kà á, ara mi bù máṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sọ fún Dókítà. Ó jókòó níwájú àpótí iná tó fi ń ka fíìmù. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ṣé ó ti wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi, Mà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn tipẹ́. Wọ́n ní SAM, wọ́n ní Commons, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò. Àwòrán ọmọdé ni mi ò ní. Ìwọ lo ní i."

Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ó pa iná àpótí náà. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú Èkó yìí tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìdíje kan wà tó ń jẹ́ BraTS, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2012, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti fa ìlà yí kókó inú ọpọlọ ká lórí àwòrán MRI. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, kò sí ìpín kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn aláìsàn ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 2023 ni BraTS-Africa wọlé, àwòrán láti àwọn ilé àyẹ̀wò Nàìjíríà ló sì wà nínú rẹ̀. Udunna Anazodo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní MAI Lab, l'Ékòó níhìn-ín, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Lára owó tí wọ́n fi ṣe é ni ti Lacuna Fund, tí Rockefeller Foundation, Google.org àti IDRC ti Kánádà dá sílẹ̀ lọ́dún 2020 fún irú dátà tí ayé gbàgbé. Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ wọn, mo wá orúkọ. Wọ́n pọ̀: dókítà, onífísíìsì, akẹ́kọ̀ọ́, rédíógíráfà. Ilé àyẹ̀wò kan kò ní àwòrán tó pọ̀ tó láti dá a ṣe, wọ́n sì kó ti ara wọn jọ. Orúkọ tí mo fẹ́ kó dá wà lókè ìwé kò sí nínú ìwé kankan títí di òní.

Àwọn ọ̀nà owó kan pàápàá ti há sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé òun dá owó tó ń gba ọwọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kọjá sí òkèèrè dúró títí òun yóò fi ṣe ètò tuntun. Ọdún tí mo fi ìkéde pamọ́ wà lára àwọn ọdún tí ọ̀nà náà ṣì fẹ̀.

Ìyá kan wà ní Ìyànà-Ìbà tó ń ta ẹja díndín, níbi tí àwọn mọ́tò LASU ti ń kó èrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ya àyà ọmọ rẹ̀ láàárín ọdún 2019 sí 2020. Ọmọ náà lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ dá. Mo ti sọ fún ìyá náà nígbà kan pé àwòrán ọmọ rẹ̀ yóò ran ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2023 ó rí mi, ó ní, "Dókítà, ìwádìí yẹn ńkọ́?" Gbogbo wa tí a bá wọ aṣọ funfun ni dókítà lójú rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un, láti orí àtẹ̀gùn dé Àlàbá. Ó ń yí ẹja nínú epo, kò gbójú sókè. Nígbà tó yá ó ní, "Èyí tí ẹ fún wa gbé lọ sílé ńkọ́? Tiwa wà nílé."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tẹ fíìmù lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni àwọn ọmọ mi 1,800 wà.

Mo kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá Dókítà, lọ́tẹ̀ yìí lọ́jọ́ náà gan-an. Mo lọ sí LASU, mo bẹ olùkọ́ físíìsì náà. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn Dókítà fún wa láṣẹ lọ́dún 2024, ìyá tàbí bàbá ọmọ yóò sì fọwọ́ síwèé ká tó gba fíìmù kan. Olùkọ́ náà ló kìlọ̀ fún wa pé fóònù kò lè ya fíìmù kó má pàdánù àwọn àwọ̀ eérú tínínrín tí àìsàn ń sá pamọ́ sí, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń sọ fíìmù di ti kọ̀ǹpútà ni à ń wá owó rẹ̀ báyìí. Ìkéde tó bá wọlé sí fóònù mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kà á lálẹ́ ọjọ́ kan náà, láti ìparí ìtọ́sọ́nà wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ooru máa ń sọ irú fíìmù wa dúdú, páànù sì ni òrùlé ọ̀pọ̀ ilé tí à ń wọ̀. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, àwọn kan eku ti jẹ. Fíìmù 61 ló wà nínú páálí wa títí di àná.

Nínú mẹ́ta tí ìyá ẹlẹ́ja ní, méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kẹta ló fi dí ojú fèrèsé kan tí gíláàsì rẹ̀ fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀, oòrùn ń gba àárín ìhà ọmọ náà wọlé, ó ta sára ògiri. Nígbà tí àṣẹ ìgbìmọ̀ jáde, mo padà lọ pẹ̀lú ìwé àti gíláàsì tuntun kan. Ìyá tẹ ìka, mo tú fíìmù náà, mo fi gíláàsì sí i. Oòrùn ti bu apá ọ̀tún jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó náà ṣì hàn. Mo kọ 1 sí ẹ̀yìn rẹ̀.